Ṣé òótọ́ ni pé a ò gbọdọ̀ lu ìlù rárá nínú Lẹ́ńtì?

Onígángan_Ìbàdàn

Ẹ kú ààwẹ̀ Lẹ́ńtì o ẹ̀yin ará Kátólíìkì, Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi, mo mọ̀ pé àwọn àgbà ìjọ pọ̀ níbí, katikísìtì wà, kwáyà másítà wà, ẹ bá mi dá sí i.

Èmi ni mò ń lu gángan fún kwáyà Yorùbá ní pàríìṣì wa n'Íbàdàn níbí. Gángan kan, àkúbà méjì, agogo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú kíbọ́ọ̀dù tí ọmọkùnrin kan tó wà ní Poly ń tẹ̀. Fáda wa àtijọ́, tí Lẹ́ńtì bá ti dé, ohun tó máa ń sọ kò ju "ẹ rọra lù ú o", àwa náà á sì rọra lù ú, kò sẹ́ni tó bínú. Wọ́n ti gbé e lọ sí ibòmíràn, Fáda tuntun ti dé, ọ̀dọ́ ni, ó mọ̀wé, ìwàásù rẹ̀ sì dùn, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Àfi bó ṣe di Ọjọ́rú Eléérú, a ti to ìlù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ǹṣì wa, ọ̀gá ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti ń gbọ̀n ọ́n wò, ló bá rán ọmọ pẹpẹ kan sí wa pé ká kó gbogbo rẹ̀ wọ yàrá ẹ̀yìn, òun ò fẹ́ gbọ́ ìró ìlù kankan títí di òru Àjíǹde. Kíbọ́ọ̀dù nìkan ló ní kó dúró. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Èwo ni ti kíbọ́ọ̀dù? Kíbọ́ọ̀dù tó lè dún bíi fèrè, tó lè dún bíi jìtá, tó tún ní ìlù tirẹ̀ nínú tó bá wu ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́, òun ló wá mọ ààwẹ̀ gbà ju gángan lọ?

Ìkejì tó jẹ́ kí n sáré kọ eléyìí, ìyá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ti sùn, ìyá náà lé ní 90 ọdún, Sátidé tó ń bọ̀ ni ìsìnkú. Àwọn ọmọ ti wá bá mi nílé, wọ́n ní àwọn fẹ́ kí gángan máa ki ìyá àwọn láti ẹnu géètì ṣọ́ọ̀ṣì títí dé iwájú pẹpẹ. Wọ́n ti san díẹ̀ nínú owó sílẹ̀ (iṣẹ́ ni, ẹ má wò mí báyẹn). Kí ni kí n wí fún wọn? Ṣé òfin Ìjọ ni ọ̀rọ̀ ìlù yìí àbí òfin Fáda?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan máa sọ pé owó tí wọ́n ń ná fún wa lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ló ń dùn mí. Ó ń dùn mí díẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè ni mo béèrè.

Katikísìtì_Àgbà

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́ Olúwa. Jẹ́ kí n dá ọ lóhùn bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, mo ti kọ́ àwọn katikúmẹ́nì, àwọn tó ń múra láti ṣèrìbọmi, fún ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun sétí mi.

Òfin wà, Fáda yín kọ́ ló dá a sílẹ̀. Ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fi ń darí Mísà Róòmù, lọ wo nọ́ńbà 313 níbẹ̀. Ohun tó wí ni pé nígbà Lẹ́ńtì, ọ́gáànù àti ohun èlò orin yòókù, kí a fi wọ́n gbe orin lẹ́sẹ̀ nìkan. Ìtumọ̀ rẹ̀ nínú ìjọ tiwa ni pé bí orin bá wà lẹ́nu àwọn èèyàn, ohun èlò lè ràn án lọ́wọ́ kí orin má baà wó. Bí orin bá dákẹ́, kí ohun èlò náà dákẹ́. Nítorí náà ẹ ò ní máa lù ú lásán kí Mísà tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní máa lù ú nígbà tí àwọn èèyàn bá gba Ara Olúwa tán tí wọ́n wà lórí ìkúnlẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́yìn ìbùkún, kì í ṣe pé kí ẹ fi ìlù sin àwọn èèyàn jáde dé ibi tí mọ́tò wọn wà bí ẹ ṣe máa ń ṣe.

Ọjọ́ kan ń bẹ tí ó yàtọ̀. Sọ́ńdè kẹrin Lẹ́ńtì, èyí tí Fáda máa ń wọ aṣọ aláwọ̀ rósì dípò eléésè àlùkò, òdòdó lè padà sórí pẹpẹ lọ́jọ́ náà, ohun èlò orin sì lè dún. Àjọ̀dún ńlá tó bá bọ́ sáàárín Lẹ́ńtì náà wà níbẹ̀, ti Jósẹ́fù Mímọ́ ní March 19, àti ti ìkéde áńgẹ́lì fún Màríà ní March 25. Ẹ ó kọ orin Ògo fún Ọlọ́run lọ́jọ́ wọ̀nyẹn. Alelúyà nìkan ni kò sí ọ̀nà fún, ó di òru Àjíǹde, kódà bí Bíṣọ́ọ̀bù ló wá ṣe Mísà.

Ìyẹn ni pé òfin kò dárúkọ gángan kó ní kí ẹ gbé e sọnù, kò sì dárúkọ kíbọ́ọ̀dù kó ní kó dúró. Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ìwé yẹn. Ṣùgbọ́n Fáda ló ni àkóso ìsìn pàríìṣì rẹ̀, bó bá rí i pé "ẹ rọra lù ú" ti ń di páàtì nínú ìjọ, ó lè ní kí ẹ gbé e sílẹ̀ pátápátá. Lọ bá a nílé àlùfáà, má lọ bá a lẹ́yìn Mísà níwájú èèyàn. Wọ ṣòkòtò tó bójú mu.

Ti ìsìnkú: a lè ṣe Mísà òkú lọ́jọ́ Sátidé nínú Lẹ́ńtì, kò sí wàhálà. Sọ́ńdè Lẹ́ńtì la kì í ṣe é, àti láti Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ títí ọjọ́ Àjíǹde yóò fi kọjá. Ní ti kí gángan máa ki ìyá dé iwájú pẹpẹ, ìwọ náà mọ̀ pé oríkì kì í ṣe orin tí ìjọ ń kọ.

Álítò_Òkè

Ẹ̀yin bùrọ̀dá onílù, ẹ jẹ́ kí ìlù sinmi jàre 😂 Èmi wà nínú kwáyà, mo sì ń gbádùn Lẹ́ńtì ju gbogbo àsìkò lọ. Ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ìlù bá dákẹ́? A máa ń gbọ́ ara wa. Ní ọjọ́ Sọ́ńdè tí gbogbo nǹkan bá ń dún, ẹni tó bá mọ orin àti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, ọ̀kan náà ni wọ́n. Ọjọ́rú Eléérú báyìí, tẹ́nọ̀ méjì ń kọ orin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ọ kedere, kwáyà másítà náà gbọ́ ọ, títí kan àwọn màmá tó wà ní bẹ́ǹṣì ìwájú, wọ́n yíjú padà wò wá. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣe ìmúrasílẹ̀ orin lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, àwọn tẹ́nọ̀ tí kì í wá tẹ́lẹ̀ ti ń wá.

Mo tún fẹ́ sọ nǹkan kan. Sáàmù. Tí a bá ń kọ Sáàmù láìsí ìlù, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ máa ń wọ èèyàn lára. Sáàmù 51 tí wọ́n kà lọ́jọ́ eérú, "ṣàánú fún mi Ọlọ́run", ẹ ò lè máa fi àkúbà ti ìyẹn lẹ́yìn kí ìdí èèyàn máa mì. Mo ti rí i rí ní ìjọ kan o, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ ìdáríjì ẹ̀ṣẹ̀ pẹ̀lú ijó. Kò bójú mu.

Onígángan, bá mi kí àwọn ọmọ ìyá àgbà yẹn, kí Ọlọ́run dẹ́lẹ̀ fún màmá.

Ọmọ_Èkìtì_Kété

Ẹ má bínú o ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí máa ń bí mi nínú. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kí nǹkan "ní ọ̀wọ̀" nínú ìjọ, ohun tiwa ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé jáde. Ọ́gáànù tó dákẹ́ nínú Lẹ́ńtì, ó yé mi, ọ́gáànù ò ní ẹnu, ariwo dídùn lásán ni. Ìlù tiwa ní ẹnu. Ó lè sunkún, ó lè bẹ̀bẹ̀, ó lè kéde òfò. Nígbà tí ọba bá wàjà ní ilé yín kí ni wọ́n fi ń kéde rẹ̀, ṣé kíbọ́ọ̀dù ni? Ta ló sọ pé ayọ̀ nìkan ni ìlù wà fún? Àwọn tó mú ẹ̀sìn wá ló rò bẹ́ẹ̀, torí ibi tí wọ́n ti ń gbọ́ ìlù ni ojúbọ àti òde ijó, wọ́n wá tì í sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àwọn bàbá wa kọrin Látìnì tí wọn ò gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò sí ìlù kan níbẹ̀. Ìgbà tí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù gbogbo ayé pàdé ní Vatican kejì, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé lórí ìsìn mímọ́ ní 4 December 1963, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ pé àwọn ènìyàn tí wọ́n ní orin ìbílẹ̀ tiwọn, kí a bọ̀wọ̀ fún orin náà kí a sì fún un ní àyè nínú ìsìn.

Àwọn kan sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí àwọn Bíṣọ́ọ̀bù tó pàdé. Ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì tí kò jìnnà sílé wa, Fáda Kevin Carroll, ọmọ ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì Kátólíìkì tí wọ́n ń pè ní SMA, kó àwọn agbẹ́gilére jọ láti 1947 dé 1954. Bándélé ọmọ Àrẹ̀ógùn wà níbẹ̀, Làmídì Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, mùsùlùmí sì ni Làmídì! Wọ́n gbẹ́ ìtàn Jésù, àwọn amòye tó wá kí i múra bí ọba Yorùbá. Fáda yẹn ò sọ fún wọn pé kí wọ́n gbé ọ̀bẹ ìgbẹ́gi sílẹ̀ torí pé bàbá wọn fi gbẹ́ ère òrìṣà rí. Kí ló wá dé tí a ń kó ìlù wọ yàrá ẹ̀yìn?

Tó o bá ní kí kíbọ́ọ̀dù dúró, kí gángan náà dúró. Tó o bá ní kí gángan lọ, kí kíbọ́ọ̀dù máa bá a lọ. Ohun tí mo rí nìyẹn.

Ìyá_Ìbejì_London

Ẹ máa dúpẹ́ ẹ̀yin ará ilé. Níbí, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń rí Mísà Yorùbá, Sọ́ńdè yòókù a wà láàárín àwọn òyìnbó pẹ̀lú ọ́gáànù. Tí Mísà Yorùbá wa bá wá bọ́ sínú Lẹ́ńtì, láìsí ìlù náà ni, a ó wá kọrin tán ká máa lọ sílé, ó dà bíi pé a ò pàdé. Èmi fara mọ́ Álítò o, mo kàn ń sọ bó ṣe rí lára ni.

Ohun tí mo fẹ́ràn ní Lẹ́ńtì níbí ni Fúráìdé kan tí CAFOD, ẹgbẹ́ aláàánú Kátólíìkì níbí, máa ń pè ní ọjọ́ ààwẹ̀ ìdílé, gbogbo wa á pàdé ní họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì, ọbẹ̀ ewébẹ̀ àti búrẹ́dì lásán la máa jẹ, owó tí à bá fi ra oúnjẹ gidi á lọ sínú ẹ́ńfílọ́ọ̀pù fún àwọn aláìní. Ọbẹ̀ yẹn ò ní ata kankan nínú. Ìrònúpìwàdà ńlá ni.

Jẹun_Jẹun

Níwọ̀n ìgbà tí a ti dé orí oúnjẹ, ẹ má bínú onígángan mo fẹ́ já lu ọ̀rọ̀ yín díẹ̀. Fúráìdé Lẹ́ńtì, a ò gbọdọ̀ jẹ ẹran, ó yé mi. PỌ̀NMỌ́ ŃKỌ́? Ìyàwó mi ní awọ ni, pé kì í ṣe ẹran, pé bàtà ni wọn ì bá fi ṣe. Ó ti sè é sínú ẹ̀fọ́ rírò báyìí, mo jókòó tì í.

Katikísìtì_Àgbà

@Jẹun_Jẹun ìyàwó rẹ yìí, agbẹjọ́rò ni bí? Ìwé òfin Ìjọ nọ́ńbà 1251 ní ká yẹra fún ẹran ní Fúráìdé, Ọjọ́rú Eléérú àti Gúúdù Fúráìdé sì jẹ́ ọjọ́ ààwẹ̀ pẹ̀lú yíyẹra fún ẹran. Nọ́ńbà 1252 wá sọ ti ọjọ́ orí: ẹni tó bá ti pé ọdún 14 ni kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, ẹni tó ti dàgbà tó lójú òfin títí tó fi bẹ̀rẹ̀ ọgọ́ta ọdún rẹ̀ ni ààwẹ̀ dè, ìyẹn láti 18 títí tí èèyàn á fi pé 59. Ààwẹ̀ yẹn ni oúnjẹ gidi ẹ̀ẹ̀kan, pẹ̀lú kékeré méjì tí àpapọ̀ wọn kò tó oúnjẹ gidi kan. Aláìsàn kò sí níbẹ̀, aboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú kò sí níbẹ̀.

Póòpù Paul kẹfà ní 1966 jẹ́ kó yé wa pé ẹyin kò sí nínú ohun tí a dá dúró, wàrà náà bẹ́ẹ̀, ọ̀rá ẹran tí a fi ń mú ọbẹ̀ dùn náà bẹ́ẹ̀. Kò dárúkọ pọ̀nmọ́, kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n lára màlúù ni a ti bó o, ọ̀dọ̀ alápatà la ti ń rà á, inú ọbẹ̀ ẹran ni à ń fi sí. Lójú tèmi, ẹran ni. Ẹja wà lọ́jà, panla wà, ìgbín wà, edé wà. Gbé ẹ̀fọ́ yẹn pamọ́ di ọ̀la.

Ní ti ọmọ Èkìtì, ohun tó sọ nípa ìwé 1963 yẹn, òótọ́ ni, mo ti kọ́ àwọn èèyàn ní i. Ìwé kan náà ló tún bí òfin tí mo dárúkọ.

Tájù_Agboolé

Mùsùlùmí ni mí o, ọ̀rẹ́ mi ló fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi, mo bá ní kí n kí yín, ẹ kú ààwẹ̀. Lọ́dún 2025 tí a jọ gbà á pọ̀, March 1 ni Ramadan bẹ̀rẹ̀, tiyín bọ́ sí March 5, bọ́ọ̀sì tí mo ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ dákẹ́ rọ́rọ́ láàárọ̀, kò sẹ́ni tó ń ra gálà.

Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín ni pé tiwa yàtọ̀ pátápátá sí tiyín. Ẹ̀yin ń kó ìlù wọlé tí ààwẹ̀ bá dé, àwa ni à ń gbé e jáde. Àwọn ajísààrì á máa lù kiri àdúgbò lóru kí èèyàn lè jí jẹun, ibẹ̀ ni orin wéré ti wá, inú wéré náà ni fújì ti jáde kí Síkírù Àyìndé Barrister tó sọ ọ́ di ńlá. Lọ́dún yẹn ọ̀kan nínú àwọn tó ń lu àkúbà fún àwọn ọmọ ajísààrì àdúgbò wa, Kátólíìkì ni. Ó ní wọ́n ti ti ìlù mọ́lé ní ṣọ́ọ̀ṣì àwọn, ọwọ́ sì ń yún òun. Mi ò mọ̀ bóyá ìwọ onígángan ni o 😂

Onígángan_Ìbàdàn

Alhaji, èmi kọ́ o! Ṣùgbọ́n mo mọ̀ ọ́n 😂😂

Ẹ ṣé gan-an gbogbo yín. Bàbá Katikísìtì, ẹ ṣé, mo ti kọ nọ́ńbà 313 yẹn sórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n Èkìtì, mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yín débi pé mo kà á fún àwọn tó ń lu àkúbà, wọ́n pàtẹ́wọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí mo ti kà á tán ni mo ti ń rò ó, ibi tí ẹ ti ní ìlù ní ẹnu yẹn gan-an ni wàhálà gángan wà nínú Lẹ́ńtì.

Ẹ wò ó, àkúbà lè gbe orin lẹ́sẹ̀. Agogo náà lè ṣe é. Kon-kon-kolo, kon-kolo, tó o bá ti lù ú báyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, orin ò ní sáré, orin ò ní fà. Gángan kì í ṣe iṣẹ́ yẹn. Onígángan tó bá ń lu ohun kan náà bí agogo, ẹ mọ̀ pé kò tíì kọ́ṣẹ́ tán. Tí kwáyà bá ń kọ ẹsẹ kan, èmi ti ń dá a lóhùn, mo ti ń sọ tèmi láàárín, tí mo bá rí ẹnìkan tó ń jó bọ̀ ní àsìkò ọrẹ, kọ̀ǹgọ́ á ti bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ẹgbẹ́ àwọn bàbá, gángan máa ń ní "ẹ náwó, ẹ náwó", gbogbo ìjọ gbọ́ ọ, àwọn ọmọdé á máa rẹ́rìn-ín, kwáyà ń kọ orin mímọ́ lọ ní tiwọn. Ó dùn, òun ló sì jẹ́ kí Mísà wa kún. Ṣùgbọ́n tí òfin bá ní kí ohun èlò gbe orin lẹ́sẹ̀ nìkan, mo mọ̀ ibi tí gángan bọ́ sí. Ìlù tó ń sọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni, kò lè ṣe "rọra", ohun tó lè ṣe ni kó sọ̀rọ̀ tàbí kó dákẹ́. Ìyáàlù náà bẹ́ẹ̀. Kíbọ́ọ̀dù ò ní wàhálà yìí torí kò mọ orúkọ bàbá ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà ohun tí mo fẹ́ lọ bá Fáda sọ ni pé kó jẹ́ kí agogo padà pẹ̀lú àkúbà kan, èmi á fi gángan sílẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n Èkìtì ẹ má pè mí ní ọ̀dàlẹ̀.

Ọmọ_Èkìtì_Kété

O ti ta wá 😂 Rárá, mo gbọ́ ọ. Ọ̀rọ̀ onímọ̀ ni. Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ọn tán, torí ìlù tó ní ẹnu, a lè kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ. Kí ló dé tí gángan kò lè máa sọ ìdáhùn Sáàmù pẹ̀lú ìjọ? Ohùn Yorùbá ló ń tẹ̀ lé. Ẹni tó bá mọ gángan lù, kó sọ "Olúwa ṣàánú" kó dákẹ́ síbẹ̀. Ìyẹn ò ju gbígbe orin lẹ́sẹ̀ lọ.

Lọ sọ ìyẹn náà fún Fáda.

Álítò_Òkè

"Kó dákẹ́ síbẹ̀" 😂😂😂 onígángan wo ló ń dákẹ́ síbẹ̀? Ẹ tún máa rántí pé ọjọ́ tí wọ́n máa lù ú tán ń bọ̀ o. Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, tí Fáda bá gbé orin Ògo, gbogbo aago inú ṣọ́ọ̀ṣì á dún lẹ́ẹ̀kan náà, ti pẹpẹ, ti òkè, lọ́dún kan ọmọ pẹpẹ kan mi tirẹ̀ títí ahọ́n aago fi já bọ́. Lẹ́yìn náà kò tún sí aago mọ́, pákó ni wọ́n á máa gbá, ká-ká-ká, títí di Ògo òru Àjíǹde. Èmi kì í fẹ́ràn pákó yẹn, ó máa ń dà bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ilé olóòkú, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fẹ́ kó ṣe náà nìyẹn.

Onígángan_Ìbàdàn

Mo ti rí Fáda. Bàbá Katikísìtì, mo wọ ṣòkòtò gidi.

Ó gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, ó fún mi ní omi tútù, ó ní òun náà ti ń retí kí ẹnìkan nínú wa wá, pé kwáyà kàn ń ránjú mọ́ òun láti Ọjọ́rú Eléérú. Mo sọ ti 313, ó rẹ́rìn-ín, ó fa ìwé yọ lórí ṣẹ́ẹ̀fù, ó ṣí i sí ojú ewé náà. Ó ní òun mọ̀ pé òfin ò lé ìlù jáde, pé ohun tí òun rí ní Kérésì ló jẹ́ kí òun pinnu, ó dárúkọ ẹni tí gángan kì lásìkò ọrẹ títí tí Mísà fi dúró, tí wọ́n ń lẹ owó mọ́ mi níwájú. Kí ni mo fẹ́ sọ? Mo dákẹ́.

Bó ṣe parí rèé. Agogo á padà láti Sọ́ńdè yìí pẹ̀lú àkúbà kan, orin nìkan, Sáàmù á wà láìsí ohun èlò. Kíbọ́ọ̀dù á máa fún wa ní ohùn ìbẹ̀rẹ̀ kó tó dákẹ́. Gángan á jáde ní Sọ́ńdè kẹrin, á padà wọlé, á tún jáde ní Ògo Ọjọ́bọ̀ Mímọ́ àti òru Àjíǹde. Mo sọ àbá ẹ̀gbọ́n Èkìtì fún un nípa gángan àti ìdáhùn Sáàmù, ó ronú sí i, ó ní kí n wá lu tirẹ̀ fún òun gbọ́ lọ́jọ́ kan, òun ò ṣèlérí.

Ti ìsìnkú, ó ní ìdílé lè ki ìyá wọn bó ṣe wù wọ́n nílé àti lọ́nà títí dé géètì. Láti géètì wọlé, orin ìjọ ló máa gbé pósí wọlé. Tí a bá ti parí ìdágbére ìkẹyìn tí òkú ti jáde kúrò nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, kí n máa lù ú lọ sí ibojì. Àkọ́bí ìyá náà ò fẹ́ gbọ́ ọ lákọ̀ọ́kọ́, ó ní òun ti sọ fún àwọn àna òun pé gángan máa dé pẹpẹ. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ló bá a sọ̀rọ̀, ó ní ìyá àwọn fúnra rẹ̀ kì í jẹ́ kí wọ́n tan rédíò nílé tí Lẹ́ńtì bá dé. Wọ́n ti gbà.

Ibi tí mo ti ní ìṣòro báyìí ni pé Fáda ní kí n kọ ohun tí gángan máa sọ ní òru Àjíǹde sílẹ̀ sórí ìwé, kí n mú un wá kó tó di Sọ́ńdè Ọ̀pẹ kí òun lè rí i. Ẹ̀yin ará, ta ló ń kọ ọ̀rọ̀ gángan sílẹ̀? Orí ìdúró ló ń wá.

Katikísìtì_Àgbà

Kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú Ògo ni kí o mú, ẹsẹ tó bá wù ọ́, àti orúkọ ẹni mímọ́ tí wọ́n fi sọ pàríìṣì yín. Fi orúkọ àwọn alága sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n máa ṣèrìbọmi lóru ọjọ́ yẹn, o lè béèrè orúkọ wọn lọ́wọ́ katikísìtì yín, kí gángan pè wọ́n lẹ́yìn tí wọ́n bá jáde nínú omi. Kò sí Fáda tó máa lòdì sí ìyẹn.

Álítò_Òkè

Ẹẹ́ẹ́, ìyẹn á dùn o. Onígángan, kọ ọ́ kíákíá kó o sì jẹ́ kí kwáyà másítà rí i, ká má baà kọrin lé e lórí.

Jẹun_Jẹun

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti gbé ẹ̀fọ́ pamọ́ bí Bàbá ṣe wí, ìyàwó mi ń bínú. Ó ní kí n béèrè pé bọ̀kọ̀tọ̀ ńkọ́, torí egungun ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.